Bí A Ṣe Ń Fetí Sí Àwo Orin Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ègé Ìró Hun

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ irú àwo orin yìí, mo rò pé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni. Ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò tíì dé ìdajì tó fi já, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Mo yọ íápíìsì létí, mo pa fóònù, mo tún un tàn. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ibi kan náà gan-an ló tún ti já, àmọ́ ìró kan tó wúwo ti yọ́ wọlé sábẹ́ rẹ̀, jíjá yẹn sì ti ń ṣe bí ìlù. Orí mi ti ń mì sí i kí n tó mọ̀. Ọjọ́ náà ló yé mi pé etí tí mo fi ń gbọ́ orin tó ní ẹsẹ àti ègbè kọ́ ni màá fi gbọ́ èyí.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mo ń tọ̀ báyìí. Ó ń gba ìgbọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún àwo kan, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ mú ẹyọ ohun kan níbẹ̀, òun nìyí: ẹ má tètè wá ibi tí ìró ti wá. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Sample ni wọ́n ń pe ègé ìró tí ẹnì kan gé lára ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì lára orin àtijọ́, ó lè jẹ́ gbólóhùn kan láti orí rédíò, ó lè jẹ́ ìró ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí. Olórin á gbé ègé náà sínú ẹ̀rọ, á tún un gé, á fà á gùn, á mú un yára, á yí i sódì, á tò ó mọ́ òmíràn títí tí nǹkan tí kò sí rí yóò fi jáde. Nínú orin tó ń ta lójoojúmọ́, irú ègé bẹ́ẹ̀ máa ń sin akọrin ni. Nínú àwo tí à ń sọ yìí, òun gan-an ni akọrin.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1944, ní ìlú Cairo, olórin ará Íjíbítì kan, Halim El-Dabh, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà lọ síbi ètò ìwòsàn zaar tí àwọn obìnrin ń ṣe, ó gbé ohun tó gbà padà sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì fi àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ yí ohùn wọn padà títí tó fi di nǹkan mìíràn. Ní 1948, ní Paris, Pierre Schaeffer, òṣìṣẹ́ rédíò ibẹ̀, gba ìró ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Batignolles, ó sì fi í ṣe orin tí rédíò gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún náà. Orí àwo ni Schaeffer ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe orí tépù. Ó máa ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ lórí àwo pàdé ara rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ má lè lọ síwájú mọ́, kí ó máa yí lójú kan. Ìyípo yẹn, tí wọ́n ń pè ní loop lónìí, ni òpó tó gbé irú orin yìí ró títí di òní.

Kí ẹ tó tẹ play

Ẹ pa shuffle, èyí tó máa ń da ètò orin rú. Ẹni tó to àwo náà kò tò ó lásán, òpin orin kan sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Ẹ wọ inú ètò áàpù tí ẹ fi ń gbọ́ orin, ẹ pa crossfade pẹ̀lú, torí ó máa ń yọ́ ìparí orin kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ibi tí wọ́n ti gé nǹkan gan-an lẹ wá gbọ́, ẹ má jẹ́ kí áàpù bá yín fi iyanrìn bò ó. Tí ẹ bá rí gapless níbẹ̀, tó ń jẹ́ kí orin kan wọ òmíràn láìsí àlàfo, ẹ tàn án. Equalizer àti bass boost, tó ń yí ìró padà, ẹ pa méjèèjì.

Ẹ fi hẹ́dífóònù sí etí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ń fi íápíìsì sí etí kan kí a lè gbọ́ ẹni tó bá pè wá, àmọ́ nínú irú orin yìí, olórin lè fi ìbéèrè sí apá òsì kó fi ìdáhùn sí apá ọ̀tún. Etí kan á gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Sípíkà fóònù náà kò dára fún un. Etí tó pé ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 hertz (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tó) dé 20,000, sípíkà kékeré yẹn kò sì lágbára àtigbé apá ìsàlẹ̀ jáde. Ìró tó yọ́ wọlé sábẹ́ ohùn obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó sọ jíjá di ìlù, ká ní orí sípíkà fóònù ni mo ti gbọ́ ọ ni, mi ò bá má gbọ́ ọ rárá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ohùn tó lọ sílẹ̀. Àwọn àwo wọ̀nyí máa ń rá pálá bọ̀ látinú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á sì fò mọ́ni lójijì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òdiwọ̀n ìgbọ́ tí kò léwu sí 80 decibel (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, ohun tó bá sì ti ròkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àkókò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù. Tí ẹni tó jókòó tì yín bá ń gbọ́ orin láti inú hẹ́dífóònù yín, ó ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àkókò tó gùn tó àwo náà. Ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ló sábà máa ń jẹ́.

Ìgbọ́ àkọ́kọ́: ẹ má ka nǹkan kan

Ẹ má ka ohun tí àwọn alárìíwísí kọ, ẹ má ka ìwé pẹlẹbẹ inú àwo, ẹ má wá orúkọ ohun tí wọ́n gé. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fo orin kankan. Èyí tó bá bí yín nínú gan-an ni kí ẹ má fò.

Ohun tó máa ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ó ń dúró de akọrin. Ó ń dúró de ìgbà tí orin máa "bẹ̀rẹ̀." Akọrin ò ní dé. Ẹ rò ó bí ìgbà tí ẹ bá jókòó síbi tí èrò pọ̀ sí, tí ẹ pa ojú dé: ìró kan wà nítòsí, òmíràn wà lọ́nà jíjìn, kan ń lọ, kan ń bọ̀, ẹ kò sì bi èyíkéyìí pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí ti jìnnà, èyí ti súnmọ́, èyí ti le, èyí ti rọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Jíjó rẹ̀ ló sì ṣáájú nínú òwe yẹn.

Nípa àtúnṣe léraléra, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á. Ní 1965, Steve Reich, olórin ará Amẹ́ríkà, mú ohùn oníwàásù kan tó gbà sílẹ̀ ní gbàgede kan ní San Francisco. Ọkùnrin náà ń wàásù nípa ìkún-omi ìgbà Nóà, pé òjò ń bọ̀. Reich gé gbólóhùn kúkúrú kan níbẹ̀, ó fi í sórí ẹ̀rọ tépù méjì, ó sì jẹ́ kí méjèèjì máa yí pọ̀. Ẹ̀rọ kan ń fi díẹ̀díẹ̀ ya ara rẹ̀ lára èkejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ènìyàn kan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó dà bíi pé ohùn náà wà nínú ihò. Lẹ́yìn náà ó di ènìyàn méjì tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ku ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń fò lórí ara wọn. Ìró inú tépù méjèèjì kò yí padà rárá, kìkì pé ọ̀kan ń sá ṣíwájú èkejì. Etí ẹni tó ń gbọ́ ló ń ṣe ìyókù.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní àǹfààní níbí. Láti kékeré ni etí wa ti mọ̀ pé bí ohùn bá gòkè tàbí bó bá sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ lè yàtọ̀, pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ lo etí yẹn. Tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ ènìyàn nínú orin, ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀, ẹ tẹ̀lé ohùn bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ bí ẹ ó ṣe tẹ̀lé ohùn dùndún. Ẹ ó rí i pé olórin náà ti gbọ́ orin kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn kí ó tó gé e.

Nígbà tí àwo bá parí, ẹ kọ ohun mẹ́ta péré sílẹ̀: ìró tí kò kúrò lórí yín, ibi tó bí yín nínú, àti ibi tí ọkàn yín ti lọ síbòmíràn. Ẹ fi ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó tó.

Ìgbọ́ kejì: ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti rán an

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ mú orin kan ṣoṣo nínú àwo náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èmi sábà máa ń mú èyí tó bí mi nínú. Báyìí ni kí ẹ mú pẹ́ńsù àti ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìyípo. Ẹ má fi ìlù wá a, torí ìlù máa ń tan ni. Ẹ wá àpá kékeré kan: ẹni tó mí, àga tó ké, àwo àtijọ́ tó ta pà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí àpá yẹn bá padà wá, ìyípo kan ti pé, ẹ sì lè kà á. Ẹni tó ń lù ìlù lójúkojú kò lè lù ú bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ á le díẹ̀, á rọ̀ díẹ̀. Tí àbùkù kan náà bá ń padà ní ojú kan náà, tí kò yẹ̀ rárá, ìlù ti lọ sílé, ègé rẹ̀ lẹ ń gbọ́.

Tí ìyípo bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ibi tí orí rẹ̀ ti pàdé ìdí rẹ̀. Bí aṣọ ni: bó ti wù kí aránṣọ mọṣẹ́ tó, tí ẹ bá yí aṣọ síta, ẹ ó rí ojú rírán. Nígbà míì ẹ ó gbọ́ "tíkì" kékeré kan. Nígbà míì, ohùn yàrá ló máa tú àṣírí. Gbogbo ìró tí a bá gbà nínú yàrá ń mú ìdáhùn ògiri ibẹ̀ dání, ìdáhùn náà sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Tí wọ́n bá gé ègé náà, ìdáhùn ògiri á já lójijì, bí ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ tún lè gbọ́ ohùn obìnrin tó kọrin nínú gbọ̀ngàn ńlá, kí ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì wá láti yàrá kékeré tí kò dáhùn rárá. Méjèèjì kò pàdé rí láyé. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ. Àwọn olórin kan ń fi ọgbọ́n bo ojú rírán náà, àwọn mìíràn á tú u síta kí gbogbo ayé rí i; èyí tí ẹni tó ṣe àwo yín yàn á sọ púpọ̀ fún yín nípa ohun tó ń wá.

Ẹ wá béèrè ohun tí wọ́n fi ojú ìró náà rí.

Tí wọ́n bá mú ìró yára ní ìlọ́po méjì, yóò gòkè ní octave kan (ohùn kan náà, ṣùgbọ́n ní ipele tó ga jù ú lọ), àkókò rẹ̀ á sì dín sí ìdajì. Ohùn àgbàlagbà á wá dà bí ti ọmọdé tó ń sáré sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, ìmí á di afẹ́fẹ́, ìlù kékeré á di nǹkan ńlá tó ń wó. Àmọ́ tí ohùn bá gòkè tí ìyára rẹ̀ kò yí padà, tàbí tó falẹ̀ tí kò sọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe èyí, torí ẹ̀rọ tépù lásán kò lè ya ọ̀kan nínú méjèèjì lára èkejì.

Ti yíyí sódì rọrùn láti mọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó sì kú díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá yí i sódì, á ti inú àìsí wá, á máa wú, á máa wú, á sì gé bí ẹni gé e lọ́bẹ. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ìró tó ń wú tó sì gé lójijì, ẹ fura.

Òmíràn tún wà tó ṣòro díẹ̀: wọ́n lè gé orí ìró kúrò. Schaeffer ṣe é fún agogo ní 1948. Ó gba ìró agogo sílẹ̀ láìsí ìkọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tó kù kò dún bí agogo mọ́, ó jọ fèrè. Orí ìró la fi ń dá a mọ̀, bí a ṣe ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀. Nígbà tí ìró kan nínú àwo yín bá jọ nǹkan tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò sì lè dárúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti gé orí rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà máa ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. E-mu SP-1200, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ègé ìró tó jáde ní 1987, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Àwọn tó ń lò ó wá dá ọgbọ́n: wọ́n á mú àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á jẹ́ kó yí ní ìgbà 45 kí ìró náà kúrú, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì fà á falẹ̀ padà nínú ẹ̀rọ. Ohun tó jáde máa ń ní iyanrìn lára, ó máa ń ha. Àìní ló bí i, àmọ́ àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé lónìí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe irú iyanrìn yẹn. Tí ẹ bá gbọ́ ìlù tó ń ha bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé ìgbàsílẹ̀ burúkú ni.

Àpẹẹrẹ ohun tí mo kọ nípa orin kan nìyí, bó ṣe wà nínú ìwé mi:

0:00 – òjò ni àbí àwo àtijọ́? Àwo ni. Ó ta pà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.
0:38 – ọkùnrin kan fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́. Ìmí nìkan ni wọ́n gé.
1:15 – ìmí yẹn ti di ìlù!
2:02 – nǹkan kan ń wú lápá òsì. Sódì?
2:40 – ìyípo àkọ́kọ́ ti lọ, mi ò mọ ìgbà tó lọ. Kò yé mi.
3:31 – ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan péré, orin parí.

Ẹ wo èyí tó wà ní 0:38 àti 3:31. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin yẹn, mo rò pé kò ní ìtàn nínú. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ yẹn jẹ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ la ẹnu.

Ìgbọ́ kẹta: ẹ lọ wá ibi tó ti wá

Báyìí ni kí ẹ ka ìwé inú àwo, kí ẹ wọ orí wẹ́bùsáìtì WhoSampled, tó ń sọ ibi tí wọ́n ti gé ègé inú orin, kí ẹ wo ohun tí olórin fúnra rẹ̀ sọ. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró di ìsinsìnyí ni pé ìmọ̀ máa ń bo etí. Ní 2001, ẹgbẹ́ olórin Matmos gbé àwo kan jáde, ìró iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó sì ní ibi tí ó jẹ́ ìró ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rá lára ènìyàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ láì mọ̀ á gbọ́ orin ijó tó ń tàn yòò, omi tó ń ṣàn, nǹkan rírọ̀ tó ń fò. Nígbà tó bá wá mọ̀, ara rẹ̀ á bù, á sì gbọ́ méjèèjì pọ̀, ijó àti ẹran ara. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ á gbọ́ ilé ìwòsàn nìkan, kò ní gbọ́ ijó mọ́ láé.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí ìlànà mi kò bá wọn mu. Olórin kan tó ń jẹ́ The Caretaker gbé iṣẹ́ kan jáde ní apá mẹ́fà láàárín 2016 sí 2019, ó gùn ju wákàtí mẹ́fà lọ. Orin ijó àtijọ́ ló fi ṣe é, àwọn orin náà sì ń jẹrà láti apá kan sí òmíràn, kí wọ́n lè fi bí ìrántí ṣe ń kúrò lórí ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé hàn. Èyí, ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìrìn náà jìn, ó sì ń wúwo lọ́kàn. Tí ẹ bá ní ẹbí tó ní irú àrùn yẹn, ẹ má gbọ́ ọ ní òru ní ẹ̀yin nìkan.

Ẹ ó rí i pé àwọn olórin kan kì í sọ ibi tí wọ́n ti gé nǹkan. Òfin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá ẹjọ́ tako olórin ráàpù Biz Markie àti ilé iṣẹ́ tó gbé àwo rẹ̀ jáde nítorí ègé orin tí wọ́n lò láìgbàṣẹ. Láti ìgbà náà ni gbígba àṣẹ ti di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, owó rẹ̀ sì ga. Àwọn kan dín iye ègé tí wọ́n ń lò kù, àwọn kan ń gé e wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ ọ́n. Ìdí kan nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ àti ìdá mẹ́rin ìlù.

Ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tí mi ò lè fò. Gregory Coleman lu ìlù kan ní 1969 nínú orin ẹgbẹ́ The Winstons, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré ni. Ègé yẹn, tí wọ́n ń pè ní Amen break, ti wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin, odidi ìran orin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dúró lé e lórí. Coleman kú ní 2006, kò gba owó kankan lórí rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ìlù yẹn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, mo máa ń rántí pé ọwọ́ ẹnì kan ló wà níbẹ̀.

Àwo mìíràn tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ní ọ̀nà yìí ni èyí tí Brian Eno àti David Byrne gbé jáde ní 1981. Ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ̀ jáde ní 1954 ni wọ́n ti mú orúkọ àwo náà: My Life in the Bush of Ghosts. Ohùn oníwàásù orí rédíò wà níbẹ̀, ohùn akọrin obìnrin ará Lebanon wà níbẹ̀. Orin kan tó lo kíké Kùránì ni wọ́n yọ kúrò nínú àwọn àtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e. Tí ẹ bá ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè: ohùn ta ni èyí? Ṣé ó mọ̀ pé wọ́n lò ó? Ṣé wọ́n gbé e ga ni àbí wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́? Ìdáhùn lè má jẹ́ ọ̀kan náà lórí orin méjì nínú àwo kan ṣoṣo, èyí sì tún jẹ́ apá kan ìgbọ́ náà.

Ẹ gé tiyín

Wákàtí kan níbi iṣẹ́ yìí á kọ́ etí yín ju ìwé mẹ́wàá lọ. Ẹ fi fóònù gba ìró kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá: ṣíbí tó ń kan ife, ilẹ̀kùn tó ń ké. Ẹ gbé e sínú Audacity, áàpù tí a fi ń gé ìró lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan ibi tó wù yín, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ẹ gé ìyókù dànù, ẹ jẹ́ kó máa yí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ "tíkì" ní ojú ibi tí orí àti ìdí ti pàdé. Ẹ fẹ ojú àwòrán ìró náà títí tí ẹ ó fi rí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀. Ìlà kan wà láàárín rẹ̀ tó dúró gbọọrọ. Ibi tí ìró ti kọjá lórí ìlà àárín yẹn ni kí ẹ gé e, ní orí àti ní ìdí, "tíkì" náà á lọ. Nígbà tí ẹ bá ti ṣe èyí fúnra yín, ẹ ó mọ̀ pé gbogbo "tíkì" tí ẹ bá gbọ́ nínú àwo ẹlòmíràn, ó fi í sílẹ̀ ni, kì í ṣe pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kan, ẹ fi Reverse yí i sódì. Ẹ ṣe òmíràn, ẹ dín ìyára rẹ̀ sí ìdajì. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ara wọn. Ṣíbí yẹn á di agogo ilé ńlá kan tí ẹ kò dé rí.

Èyí tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ fi Endtroducing..... ti DJ Shadow bẹ̀rẹ̀, 1996. Ó ní ìlù tó ṣeé mì orí sí, ègé àwo àtijọ́ ló sì kún inú rẹ̀. Since I Left You ti The Avalanches, láti Australia ní 2000, rọrùn láti fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ègé inú rẹ̀ pọ̀ jù láti fi kọ́ etí, ẹ gbọ́ ọ fún ìdùnnú. Replica ti Oneohtrix Point Never, 2011, ni mo máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ dáadáa: púpọ̀ nínú ìró rẹ̀ wá láti ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìmí àti ìdajì ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìyípo kan ṣoṣo títí tí yóò fi kú, ẹ wá The Disintegration Loops ti William Basinski. Ó ń da tépù tó ti gbà láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn sínú kọ̀ǹpútà, tépù náà sì ń já wálẹ̀ bí ó ti ń yí, ìró ń dín kù ní yíyí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí Schaeffer. Ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀ tó bá yá, etí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó díẹ̀.

Tí àwo kan kò bá wọ̀ yín lára lẹ́yìn ìgbọ́ mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gbé òmíràn. Àwo tó bá wọ̀ yín, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ẹ tó padà sórí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ti ìwé sẹ́yìn, ẹ pa iná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orin tí ẹ kọ "kò yé mi" síwájú rẹ̀.